Bọ́ílà Tó Bọ́ Sáàárín Ẹkùn Méjì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo ti pinnu pé inú ìwé yìí ni mo máa kọ gbogbo ẹ̀ sí, torí tí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá ní ẹnu mi mú ju abẹ tí òun fi ń fárí lọ. Ẹni tó ń gẹrun ní kọ̀rọ̀ òpópó tó sì ń ṣe bíi lọ́yà.

Wọ́n tú báńdéèjì kúrò lápá Màámi láàárọ̀. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó rí bíi tòmátì tí wọ́n bó nínú omi gbígbóná. Nọ́ọ̀sì ní ó ń san. Mo sá jáde, mo sì sunkún lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ìyẹn inú tún bí mi sí ara mi, kì í kúkú ṣe apá tèmi.

Bọ́ílà ibi iṣẹ́ wọn ló ṣe é. Lọ́ńdìrì tí Màámi wà, aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀. Bọ́ílà yẹn ló ń fi ooru ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ tí Màámi fi ń lọṣọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kàn tu ooru sí i lára lójijì. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Funfun torí kì í wọ àwọ̀ mìíràn, fi èso ránṣẹ́. Ó ní kò sí ohun tó ṣe bọ́ílà òun, Màámi ni kò fara balẹ̀. Dókítà fún Màámi ní ìsinmi títí di ìparí oṣù. Tó bá ti parí, ìdí bọ́ílà yẹn náà ló ń padà sí.

Màámi ní kò burú. Èmi ni mo ní ó burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Òjò. Mi ò jáde. Inú gbogbo èèyàn ń bí mi, títí kan òjò.

Ọjọ́rú, 5

Mo lọ sí Ọ́fíìsì Lébọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà kan sọ fún wa nígbà kan pé ìjọba ní àwọn èèyàn tó ń lọ yẹ ẹ̀rọ wò níbi iṣẹ́, kí ó má baà pa òṣìṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi kí n tó kúrò ní kíláàsì kẹta, ìyẹn nìkan ló kù lórí mi. Ìyókù ti bá omi lọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ dúdú dé ibi tí ejìká èèyàn ń kan. Nísàlẹ̀, àwọn tó ń wáṣẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni ń retí ọkọ̀ tó ti lọ. Wọ́n ya àwòrán ńlá kan sára ògiri: àpótí kan lókè fún Mínísítà, ìlà wálẹ̀ sí Ọ̀gá Àgbà, ìlà ya sọ́tùn-ún, ya sósì, àpótí bí àpótí, àpótí ọmọ, àpótí ọmọ-ọmọ. Mo wo ibi tí èèyàn bíi tiwa máa gbà wọlé nínú ẹ̀, mi ò rí i. Gbogbo ìlà, òkè ló ń lọ.

Obìnrin kan wà ní káńtà, ó ń mu tíì. Mo ti ń pè é ní Àǹtí Káńtà nínú ara mi.

Ó ní, "Kí lo wá ṣe?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bọ́ílà ló jó màmá mi. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó."

"Ṣé owó ìpalára lẹ fẹ́ gbà ni, àbí ẹ fẹ́ fẹjọ́ ọ̀gá yín sùn, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò?"

"Gbogbo ẹ̀ mà."

Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ ò sí nínú yàrá kan, ọmọ mi. Ìjà òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, àjà kìíní. Ìpalára, àjà kejì, lápá òsì. Àwọn ìsípẹ́kítọ̀, àjà kejì náà, lápá ọ̀tún. Wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Mo gun àjà kejì. Mo yà sósì dípò ọ̀tún. Mo tò sórí ìlà kan tó gba iwájú yàrá ìpalára kọjá fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìlà àwọn tó wá gbàwé ìfẹ̀yìntì ni mo wà. Bàbá tó wà níwájú mi wò mí tìyanutìyanu: "Ìwọ náà ti fẹ̀yìn tì?"

Mo padà sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo tún lọ. Yàrá ìpalára. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tó fara pa ló gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Mo parọ́ pé Màámi ò lè rìn.

"Níbo ló ti fara pa?"

"Apá, sà."

"Apá ló jó, ẹsẹ̀ ni ò lè rìn?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àmọ́ mo rántí yà sọ́tùn-ún nígbà tí mo jáde, mo sì bá àwọn ìsípẹ́kítọ̀. Akọ̀wé wọn bi mí léèrè àdírẹ́sì. Mo fún un ní ti ẹnu ọ̀nà iwájú, ibi tí àwọn oníbàárà ń gbé aṣọ wọlé sí. Ó ní, "Ẹkùn Kejì nìyẹn, apá ìlú tí ìsípẹ́kítọ̀ wa kan ń bójú tó. Wọ́n á wá." Ó sì wá fi kún un pé, "Ẹ ṣeun, màdáámù."

Màdáámù! Èmi. Mo máa sọ òótọ́ nínú ìwé yìí: ìdajì ìdí tí mo ṣe ń lọ síbẹ̀ nìyẹn. Nílé, "gbé omi wá" ni orúkọ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Màámi ti gbọ́. Bọ̀dá ló gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà rẹ̀ kan rí mi ní Ọ́fíìsì Lébọ̀.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Wolé-wolé lo fẹ́ kó wọ ibi tí mo ti ń jẹun? Ṣé o mọ iye obìnrin tó ń fojú wá ipò mi níbẹ̀?"

"Bọ́ílà yẹn máa pa yín, Màámi."

"Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Bọ́ílà ò pa mí."

Bọ̀dá dá sí i pé lábẹ́ òfin, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ná. Mo ní òfin wo? Ó ní òfin gbogboogbò. Mo ní kó lọ gẹ irun gbogboogbò.

Ohun tí mi ò lóye ni pé kì í ṣe ìbínú ni mo rí lójú Màámi. Ó dà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀rù kí ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, àmọ́ mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìsípẹ́kítọ̀ Ẹkùn Kejì wá sí lọ́ńdìrì! Mo dúró ní òdìkejì títì, mo ń wò bí olè. Ọ̀dọ́kùnrin ni, táì rẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀ ìdodo. Ọ̀gá Onítáì. Ó wọlé láti iwájú, ó wo àwọn ọmọbìnrin tó ń gba aṣọ, ó wo páànápaná ara ògiri, ó ń bu ọwọ́ lu ìwé. Mo rí i tí ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọ̀gá Funfun rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan sí i. Ọ̀gá Onítáì bá jáde.

Mo sáré tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò wo bọ́ílà."

"Ìwọ ta ni?"

"Ọmọ ẹni tó jó."

Ó kọ́kọ́ wo aago. "Ẹ̀yìn yẹn, ilé mìíràn ni. Àdúgbò ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sí, nọ́ńbà tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹkùn Kẹta ló ni ín. Ààlà wa gba àárín ilé yẹn kọjá."

"Ṣé kò sí ilẹ̀kùn láàárín méjèèjì ni, sà?"

"Ó wà. Èmi ni mi ò gbọdọ̀ gbà á kọjá."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ká ní èèyàn burúkú ni, ǹ bá mọ ibi tí màá dojú ìbínú kọ.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo lọ bá ìsípẹ́kítọ̀ Ẹkùn Kẹta. Àgbàlagbà ni, ó gbé agbòjò kọ́ apá nínú yàrá, tí òjò ò sì rọ̀. Bàbá Alágbòjò ṣí fáìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Lọ́ńdìrì yẹn ò sí lọ́dọ̀ mi, ọmọ mi. Ẹkùn Kejì ni orúkọ ẹ̀ wà. Ibi tí wọ́n bá ti forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé."

"Ẹkùn Kejì sọ pé tiyín ni ibi tí bọ́ílà wà."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ tiwa. Iṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ tiwọn."

"Ta ló wá ni bọ́ílà, sà?"

Ó ronú gidi. Mo rí i pé ó ronú. Ó ní, "Ìbéèrè ńlá lo bi mí yẹn."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, kò sí èyí tó jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Owó bọ́ọ̀sì ti lọ sókè. Mo máa fẹsẹ̀ rìn lọ, mo máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Ọjọ́rú, 19

Àǹtí Káńtà rí mi tí mo tún ń bọ̀. Ó ní, "Kò tíì rẹ̀ ẹ́ ni?" Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fún mi ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀. Ó ní, "Gbọ́. Kò sí yàrá tí Ẹkùn Kejì àti Ẹkùn Kẹta ti ń pàdé, àfi ìpàdé Ọjọ́bọ̀. Yàrá ìpàdé, àjà kẹta. Tí ìwé bá ń lọ láti yàrá sí yàrá, ó lè lo ọdún kan lójú ọ̀nà. Èèyàn kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí o mú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà."

"Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Ṣebí wọ́n ti ń lé ẹ tẹ́lẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 20

Ìpàdé ò wáyé. Ọ̀gá Àgbà rìnrìn àjò.

Àbámẹ́ta, 22

Màámi ká tówẹ̀lì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lónìí. Ó lọ́ra, àmọ́ ó ká a. A pariwo bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní Ọ̀gá Funfun ti ránṣẹ́ pé tí òun ò bá dé lẹ́yìn ìsinmi, ẹlòmíràn máa bọ́ sípò òun. Ariwo tán.

Mo bi í pé, "Ẹ̀rù ò bà yín?" Ó ní kí n lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó dà á rú.

Mo dúró lẹ́nu yàrá ìpàdé láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, mo bọ́ sáàárín Ọ̀gá Onítáì àti Bàbá Alágbòjò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí fò lọ. Mo kàn ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lójú ara yín."

Ọ̀gá Onítáì ní, "Ṣebí mo ti ṣàlàyé fún ẹ? Tiwọn ni."

Bàbá Alágbòjò ní, "Tiwa lọ́nà wo? Fáìlì ń bẹ lọ́dọ̀ yín."

"Ilẹ̀ yín ni, bàbá."

"Ilẹ̀ ń hó ni? Ilẹ̀ ló ń tu ooru?"

Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, àwọn tó kù sì ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Alágbòjò náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, mú ọkọ̀ tiyín wá. Ìwọ wọlé láti iwájú, èmi á wọlé láti ẹ̀yìn. Níbi tá a bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ààlà wà."

Èmi náà wọ ọkọ̀ ìjọba. Mi ò gbádùn ẹ̀ tó bí mo ṣe rò.

Wọ́n pàdé nídìí bọ́ílà lóòótọ́. Ọ̀gá Funfun ń nu àágùn, ó ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn ńlá, kò sí wàhálà kankan níbí." Àwọn obìnrin tó ń lọṣọ dúró gbagidi. Bàbá Alágbòjò gbé agbòjò fún mi mú, ó gun àpótí kan, ó tẹjú mọ́ orí bọ́ílà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn fáàfù, ìyẹn ohun tó yẹ kó máa tú ooru sílẹ̀ tí ooru bá ti pọ̀ jù. Ó ní, "Ta ló so èyí?"

Wáyà ni. Wáyà ìfaṣọkọ́, irú èyí tí wọ́n ń fún oníbàárà. Wọ́n ti fi so fáàfù yẹn pa, kó má baà lè ṣí.

Ọ̀gá Funfun ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa wáyà o!" Ohùn ẹ̀ ga, àmọ́ mo rò pé òótọ́ ló sọ. Àwọn obìnrin wolẹ̀.

Ohùn kan sọ lẹ́yìn wa pé, "Èmi ni."

Màámi ni. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọ aṣọ iṣẹ́, báńdéèjì lápá. Bọ̀dá ti rí wa nínú ọkọ̀ ìjọba, ó sì ti sáré lọ sọ fún un.

Mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́ níbi tí mo dúró sí.

Ọ̀gá Onítáì ní, "Há. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló—"

Bàbá Alágbòjò gbé ọwọ́ sókè. "Màdáámù, ta ló kọ́ yín ní bọ́ílà yìí?"

Màámi ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ló fi hàn mí."

"Òun náà ń so ó?"

Àǹtí tó máa ń ká aṣọ, tí kì í sọ̀rọ̀, ló ní, "Gbogbo wa là ń so ó, bàbá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀."

Bàbá Alágbòjò yíjú sí Ọ̀gá Funfun. "Òfin ò ní kí n bèèrè ẹni tó so ó. Ẹni tó ni bọ́ílà ni òfin ní kó mọ̀ pé wọ́n ń so ó."

Wọ́n pa iná. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ara bọ́ílà. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Lọ́ńdìrì ò ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn wà nílé. Àǹtí tó ń ká aṣọ kọjá níwájú ilé wa, mo kí i, ó dà bíi pé afẹ́fẹ́ ló kí i. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Mo jókòó ti Màámi. Mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mi ò mọ èyí tó kàn.

Ó ní, "Tí fáàfù yẹn bá ṣí, ó máa ń sú, ṣííí, ooru á lọ, ẹ̀rọ á tutù. Aṣọ tó o ti lọ̀ á jáde ní tútù, o máa tún un lọ̀. Ọ̀gá á dé, á ní a ń ṣeré. Tó o bá so ó, kò ní sú mọ́."

"Ẹ sì mọ̀ pé ó léwu."

"Mi ò mọ̀. Lẹ́yìn náà mo mọ̀. Ọjọ́ tó jó mi, ó ń lu gbì, gbì nínú, bí ẹni fẹ́ jáde. Gbogbo wọn sá. Èmi lọ tú wáyà."

"Ẹ̀yin lẹ tú u?"

"Ìgbà tí mo tú u ló jó mi. Wọ́n tún ti so ó lọ́jọ́ kejì."

Mo ti kó ìjọba wá mú Màámi tó gba gbogbo wọn là, tó jẹ́ pé òun náà wà lára àwọn tó ń so ó. Ta ni mo máa bínú sí? Ọ̀gá Funfun tí kò bèèrè? Àwọn obìnrin tó so ó padà? Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ wọn, tí mi ò mọ ojú ẹ̀? Mo ka gbogbo wọn títí, mo sì padà sórí ara mi.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "O ò bi mí. Ẹjọ́ lò ń rò."

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Màámi lọ sí yàrá ìpalára fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ti san?" Màámi ò mọ ohun tó ń sọ, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wáyà máa jẹ́ kí nǹkan falẹ̀. Wọ́n ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tá a ń sọ̀ kalẹ̀, Màámi dúró wo àwòrán àpótí yẹn lára ògiri. Ó ní, "Èwo ni tèmi nínú ẹ̀?" Mo ní mi ò tíì rí i.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mẹkáníìkì ti fi fáàfù tuntun sí i. Àwọn ìsípẹ́kítọ̀ méjèèjì padà wá, wọ́n dán an wò, wọ́n sì já ìwé pupa. Bàbá Alágbòjò kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó fi iṣẹ́ fáàfù hàn wọ́n. Wọ́n ní Ọ̀gá Funfun náà dúró láàárín wọn bí ọmọ iléèwé. Ó ní kí gbogbo wọn padà ní Ọjọ́ Ajé, títí kan Màámi. Bọ̀dá ní ìwé tí òun kọ sí i ló fa ìyẹn. Bọ̀dá ò kọ ìwé kankan.

Ọjọ́ Ajé, 14

Mo tẹ̀ lé Màámi dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní kí n padà. Mo rìn dé kọ̀rọ̀, mo dúró.

Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ọ: ṣíííí! Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bú onílé. Inú èmi dùn. Ooru funfun ń jáde lókè òrùlé.

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo dúró kó tún sú, kò sú. Mo dúró títí. Mi ò mọ̀ bóyá ooru ti lọ tán ni, àbí ọwọ́ ẹnìkan ti dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbé mi wọlé kí n tó rò ó.

Inú ibẹ̀ gbóná, òórùn ọṣẹ kún un. Àǹtí tó ń ká aṣọ gbójú sókè, kò kí mi, àmọ́ kò lé mi. Màámi kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ti bẹ́dìṣíìtì sínú ẹ̀rọ. Mo ń na ọrùn kí n lè rí orí bọ́ílà.

Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Mi ò so ó."

Mo ní, "Mi ò sọ nǹkan kan, mà."

"Mo mọ̀." Ó fa bẹ́dìṣíìtì jáde, ó fọwọ́ kàn án, ó sì tún tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Èyí ṣì tutù. Mo máa tún un lọ̀. Máa lọ sílé."